Ọjọ́ Ìkẹyìn Ajá Ilé

Ní ọdún 1914, àwọn òṣìṣẹ́ tí ń fọ́ òkúta ní Oberkassel, lẹ́bàá ìlú Bonn ní ilẹ̀ Jámánì, ṣalábàápàdé sàréè kan tí ó ti wà lábẹ́ ilẹ̀ fún nǹkan bí 14,000 ọdún. Egungun ọkùnrin kan àti ti obìnrin kan ni ó wà nínú rẹ̀, egungun ajá kan sì wà pẹ̀lú wọn. Àwọn ènìyàn méjèèjì náà ni gbogbo ayé ń wò. Ẹni tí ó ka egungun ajá náà sí kò pọ̀ rárá. Fún ìgbà pípẹ́ ni àwọn kan tilẹ̀ rò pé ìkookò ni. Ọdún 2018 ni àwọn onímọ̀ tí wọ́n yẹ eyín rẹ̀ wò fínnífínní tó sọ fún wa ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí i.

Ọmọ ajá ni. Kò tí ì pé oṣù méje nígbà tí ó kú. Nígbà tí ó wà ní nǹkan bí oṣù márùn-ún ni àìsàn líle kan mú un, èyí tí àpá rẹ̀ lára eyín jọ ti àrùn tí àwọn dókítà ẹran ń pè ní distemper. Ìgbà mẹ́ta ni àìsàn náà dá a dùbúlẹ̀. Bí ìwọ bá ti rí ajá tí àrùn yìí mú rí, o mọ̀ pé kì í ṣe ohun tí a ń fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú: ara a máa gbóná, a máa bì, a máa ṣu gbuuru, oúnjẹ kì í wù ú, gìrì sì lè bẹ̀rẹ̀ sí gbé e. Ọmọ ajá tí kò ní olùtọ́jú kì í pẹ́ nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n èyí wà láàyè fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀ lẹ́yìn tí ó ti kọ́kọ́ dùbúlẹ̀. Ó dájú pé ẹnìkan ni ó ń fún un ní omi, tí ó ń nù ú, tí ó sì ń mú kí ara rẹ̀ móoru ní ilẹ̀ òtútù náà.

Rò ó wò, ìwọ òǹkàwé mi. Ní àkókò yẹn kò sí ẹni tí ó ń dáko. Ohun tí ènìyàn bá pa nínú igbó ni yóò jẹ. Ajá tí kò lè dìde kò lè bá ọdẹ lọ sí igbó, bẹ́ẹ̀ ni kò lè ṣọ́ àgọ́. Síbẹ̀ wọ́n pín nínú oúnjẹ wọn fún un. Nígbà tí ìtọ́jú náà kò sì ràn án mọ́, wọ́n sin ín bí wọ́n ti ń sin ènìyàn. Èyí ni ó fà á tí n kò fi gbà fún àwọn tí ń sọ pé àṣà òyìnbó olówó ni kí ènìyàn jókòó ti ajá tí ń ṣàìsàn.

Ní ilẹ̀ Áfíríkà tiwa yìí pẹ̀lú, ẹ̀rí wà. Ìlú èbúté kan wà ní àtijọ́ ní etí Òkun Pupa ní ilẹ̀ Íjíbítì, Berenike ni orúkọ rẹ̀. Lẹ́yìn odi ìlú náà ni àwọn awalẹ̀pìtàn ti hú ibi ìsìnkú ẹran ọ̀sìn kan jáde, èyí tí àwọn ènìyàn lò ní nǹkan bí 1,900 ọdún sẹ́yìn. Nínú ìròyìn tí wọ́n gbé jáde ní ọdún 2021, wọ́n ka ẹran 585. Ológbò ni ó pọ̀ jù nínú wọn, ajá wà níbẹ̀, ọ̀bọ náà sì wà. Àwọn kan nínú àwọn ẹran náà ti di arúgbó tí kò ní eyín mọ́. Báwo ni ẹran tí kò ní eyín ṣe ń jẹun bí kò bá ní ẹni tí ń wá oúnjẹ rírọ̀ fún un? Ajá ńlá kan wà láàárín wọn tí a dì sínú ẹní tí a fi imọ̀ ọ̀pẹ hun. Àrùn jẹjẹrẹ inú egungun ni ó pa á. Nígbà tí wọ́n yẹ ibi tí ikùn rẹ̀ wà tẹ́lẹ̀ wò, wọ́n rí ohun tí ó jẹ kẹ́yìn: ẹja ni, àti ẹran ewúrẹ́. Ìrora jẹjẹrẹ egungun burú púpọ̀. Ẹni tí ó fún ajá náà ní ẹran ewúrẹ́ kò lè wò ó sàn, ṣùgbọ́n kò jẹ́ kí ebi pa á títí di òpin.

Àwa Yorùbá ńkọ́? Kò yẹ kí a fi irọ́ ṣe ìtàn wa lọ́ṣọ̀ọ́. Ajá ni ẹran Ògún. Ní Oǹdó àti ní ọ̀pọ̀ ìlú mìíràn ni a ti ń fi ajá bọ Ògún, àwọn kan nínú wa a sì máa jẹ ẹran rẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn baba wa kan náà ni wọ́n ń so ṣaworo mọ́ ajá ọdẹ lọ́rùn, tí wọ́n ń fi òwe àti ọgbọ́n sọ ajá lórúkọ, tí ẹlòmíràn yóò pe tirẹ̀ ní Tanímọ̀la kí aládùúgbò tí ń kanra lè gbọ́ ohun tí ó yẹ kí ó gbọ́. Àwọn ni wọ́n sì sọ pé ajá tí ó ní ènìyàn lẹ́yìn yóò pa ọ̀bọ. Òwe náà dára. Ohun tí mo fẹ́ kí ìwọ bi ara rẹ ni pé, nígbà tí ajá kò bá lè pa ọ̀bọ mọ́ ńkọ́, ǹjẹ́ ènìyàn náà ṣì wà lẹ́yìn rẹ̀?

Àwọn àgbà a máa sọ pé ajá mọ ọjọ́ ikú rẹ̀, pé bí ó bá kù díẹ̀ kí ó kú yóò kúrò nílé lọ fi ara pamọ́ sí ibi tí ẹnikẹ́ni kò ní rí i. Òtítọ́ ni pé ajá tí àìsàn bá wọ̀ lára a máa sá pamọ́. Ṣùgbọ́n ìdí rẹ̀ ni pé, nínú ẹ̀yà tí ajá ti wá, ẹran tí ó bá fi àárẹ̀ hàn ni ọ̀tá yóò kọ́kọ́ kọlù. Ó jogún àṣà pé kí ó pa ìrora mọ́ra. Nítorí náà ajá lè wà nínú ìnira ńlá kí ó má ké rárá, tí ará ilé yóò sì máa wí pé, “Kò ṣe nǹkan kan, àárẹ̀ lásán ni.” Mímí tí ń yára nígbà tí ó dùbúlẹ̀, ẹ̀yìn tí ó tẹ̀, ibi kan tí ó ń lá láìdẹ́kun, bí ó ṣe ń lọ́ra láti dìde, tàbí kí ó má jù ìrù mọ́ nígbà tí ọmọ ilé bá ti ilé-ìwé dé: ìwọ̀nyí ni igbe tirẹ̀.

Ìmọ̀ ìṣègùn ẹran kò kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ nítorí ajá. Nígbà tí Claude Bourgelat gba àṣẹ ní ọdún 1761 láti dá ilé-ẹ̀kọ́ ìṣègùn ẹran sílẹ̀ ní Lyon ní ilẹ̀ Faransé, ẹṣin àti màlúù ni ìjọba ń rò. Bákan náà ni ó rí ní Vom, lẹ́bàá Jos, ní ọdún 1924: àjàkálẹ̀ àrùn tí ń pa màlúù ni ó mú kí a dá ilé ìwádìí ibẹ̀ sílẹ̀. (Àrùn màlúù yẹn ti parẹ́ pátápátá lórí ilẹ̀ ayé, ọdún 2011 ni a kéde rẹ̀.) Obìnrin kan, Maria Dickin, ni ó ṣí ibi ìtọ́jú ọ̀fẹ́ fún ẹran àwọn tálákà sínú yàrá abẹ́ ilé kan ní Whitechapel ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1917. Ní orílẹ̀-èdè wa, àwọn ọdún 1960 ni Fásitì ti Ìbàdàn àti ti Zaria bẹ̀rẹ̀ sí kọ́ àwọn dókítà ẹran, òfin tí ó sọ ẹni tí ó lè ṣe iṣẹ́ náà sì jáde ní ọdún 1969.

Wàyí o, mo ní ìtàn kan tí ó yàtọ̀ sí ti Bonn àti ti Berenike, mo sì fẹ́ kí ìwọ fara balẹ̀ gbọ́ ọ. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1939, ogun bẹ́ sílẹ̀ láàárín ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Jámánì. Ẹ̀rù bọ́ǹbù ń ba gbogbo ará Lọ́ńdọ̀nù. Ìgbìmọ̀ kan tí ń rí sí ọ̀rọ̀ ẹran nígbà ogun ti tẹ ìwé pélébé pé kí ẹni tí ó bá lè ṣe é kó ẹran rẹ̀ lọ sí ìgbèríko, àti pé bí kò bá rí ẹni gbà á, ó sàn kí a pa á. Àwọn ènìyàn tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́ sí ẹnu ọ̀nà àwọn dókítà ẹran. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan, nǹkan bí 400,000 ajá àti ológbò ni a pa ní ìlú náà. Kò sí ohun tí ó ṣe ọ̀pọ̀lọpọ̀ wọn. Ara wọn le koko. Kò sì sí bọ́ǹbù tí ó bọ́ lu Lọ́ńdọ̀nù lọ́pọ̀ yanturu títí di oṣù Kẹsàn-án ọdún 1940, nígbà tí ọdún kan gbáko ti kọjá. Àwọn tí wọ́n pa ajá wọn wá jókòó sínú ilé tí ó dákẹ́ rọ́rọ́, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì kábàámọ̀.

Gbogbo wọn ni wọ́n pè é ní àánú. Abẹ́rẹ́ kan náà tí ó jẹ́ àánú fún ajá tí jẹjẹrẹ ń jẹ jẹ́ ìwà ẹ̀rù lásán fún ajá tí ń sáré kiri. Ohun tí ó ya àwọn méjèèjì kò sí nínú ìgò oògùn. Ó wà nínú ìdí tí a fi mú un lọ. Nítorí náà, kí ìwọ tó sọ pé ajá ilé yín “ń jìyà,” kọ́kọ́ wádìí bóyá ajá ni ó ń jìyà, tàbí ìwọ ni ó rẹ̀ láti máa fọ ilẹ̀ tí ó ń tọ̀ sí.

Jẹ́ kí a mú ọ̀rọ̀ náà wá sílé. Ìjẹ̀ṣà-Tẹ̀dó, gẹ́gẹ́ bí orúkọ rẹ̀ ti wí, jẹ́ ibi tí àwọn ará Ìjẹ̀ṣà tẹ̀dó sí, ní ẹ̀bá Sùúrùlérè. Láti ọdún 1955, nígbà tí ìgbìmọ̀ LEDB bẹ̀rẹ̀ sí wó àwọn ilé jákujàku àárín Èkó tí ó sì ń kó àwọn ará ibẹ̀ lọ sí Sùúrùlérè, ni ilé ti ń pọ̀ sí i ní gbogbo agbègbè náà, títí tí ògiri fi fẹ́rẹ̀ẹ́ fara kan ògiri. Níbi tí ilé bá ti pọ̀ tó bẹ́ẹ̀, olè a máa wà, ajá náà a sì máa wà: Bíńgò tí a rí ní òpópó, tàbí ajá òkèèrè tí a fi owó ńlá rà. Ní ọ̀sán a so ó mọ́lẹ̀ tàbí kí a tì í mọ́ inú àhámọ́ onírin. Ní alẹ́ a tú u sílẹ̀ kí ó ṣọ́ wa. Ọdún mẹ́wàá lè kọjá báyìí. Lẹ́yìn náà ni abo ajá yóò yọ kókó lára ọmú, tí kókó náà yóò là. Tàbí kí kíndìnrín arúgbó ajá dáwọ́ iṣẹ́ dúró, tí yóò máa mu omi ṣáá tí yóò sì máa rù.

Ohun tí àwọn kan ń ṣe nígbà náà ni kí wọ́n gbé ajá náà sínú ọkọ̀ ní òru, kí wọ́n lọ já a sílẹ̀ ní ẹ̀bá títì márosẹ̀, wọn yóò sì wí fún àwọn ọmọ pé ó sá lọ. Àwọn mìíràn a fi oògùn eku sínú ẹran fún un. N kò rí ọ̀rọ̀ rírọ̀ kankan sọ nípa èyí. Oògùn eku àti oògùn kòkòrò kì í mú ẹran sùn. Gìrì, ẹ̀jẹ̀ àti ọ̀pọ̀ wákàtí oró ni wọ́n ń mú wá. Ìwé òfin ìwà ọ̀daràn tí a mọ̀ sí Criminal Code, ní ìpín 495, sọ pé ẹni tí ó bá hu ìwà ìkà sí ẹran lè lọ sí ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà, ṣùgbọ́n kò yẹ kí ó jẹ́ ẹ̀rù ẹ̀wọ̀n ni yóò dá wa dúró.

Bàbá rẹ lè wí pé, “Ọlọ́run ni ó dá a, Ọlọ́run ni yóò pa á, kì í ṣe iṣẹ́ mi láti yan ọjọ́ ikú fún un.” Ọ̀rọ̀ àgbà ni, má sì ṣe já a nù. Fún ènìyàn, mo gbà á láìjiyàn. Ṣùgbọ́n bí Bàbá bá fún ọ láyè, o lè fi ọ̀wọ̀ dáhùn pé, “Ẹ jọ̀wọ́ sà, àwa ni a yan gbogbo nǹkan yòókù fún un.” Àwa ni a gbà á lẹ́nu ọmú ìyá rẹ̀. Àwa ni a yan oúnjẹ rẹ̀, a yan ibi tí yóò sùn, a sì yan bí okùn rẹ̀ yóò ti gùn tó. Bí ènìyàn bá ń ṣàìsàn, yóò lè sọ pé òun fẹ́ gbìyànjú sí i, nítorí pé òun fẹ́ rí ìgbéyàwó ọmọ òun ní ọdún tí ń bọ̀. Ajá kò mọ ọdún tí ń bọ̀. Ìrora òní nìkan ni ó mọ̀, kò sì mọ ìdí rẹ̀. Ẹni tí ó ti di okùn ajá mú láti kékeré kò lè sọ ní ọjọ́ ìkẹyìn pé okùn náà kò sí lọ́wọ́ òun.

Àwọn Mùsùlùmí àárín wa mọ ìtàn ọkùnrin tí ó sọ̀ kalẹ̀ sínú kànga, tí ó fi bàtà rẹ̀ bu omi fún ajá tí òùngbẹ ń pa, tí Ọlọ́run sì dárí jì í. Ẹni tí kì í jẹ́ kí itọ́ ajá kan aṣọ òun pàápàá lè bu omi fún un.

Báwo wá ni a ó ṣe mọ ìgbà tí ó tó? Dókítà ẹran kan ní Amẹ́ríkà, Alice Villalobos, gbé òṣùwọ̀n kan kalẹ̀ ní ọdún 2004 tí ó wúlò púpọ̀ fún ilé tí àríyànjiyàn bá wà. Ohun méje ni a ó wò: ìrora rẹ̀, àti bóyá ó ń mí dáadáa, oúnjẹ rẹ̀, omi ara rẹ̀, ìmọ́tótó rẹ̀, ayọ̀ rẹ̀, bí ó ṣe lè dìde kí ó sì rìn, àti bóyá ọjọ́ tí ó dára ṣì ju ọjọ́ tí ó burú lọ. A ó fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní máàkì láti orí òdo dé 10. Bí àpapọ̀ bá ju 35 lọ, a lè máa tọ́jú rẹ̀ lọ. Mo fẹ́ràn èyí tí ó kẹ́yìn nínú méjèèje, nítorí pé ọmọ kékeré lè ṣe é: kí ó fi kálẹ́ńdà kọ́ ògiri, kí ó máa fa ìlà sí ọjọ́ tí ajá jẹun tí ó sì ju ìrù, kí ó sì máa fi àmì mìíràn sí ọjọ́ tí kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ojú àánú a máa tan ènìyàn jẹ. Kálẹ́ńdà kì í tan ni.

Kí òṣùwọ̀n náà tó lọ sílẹ̀, iṣẹ́ pọ̀ láti ṣe. Tẹ́ aṣọ nípọn sí abẹ́ rẹ̀ kí egungun ìbàdí rẹ̀ má ba à dégbò, sì máa yí i padà láti ẹ̀gbẹ́ kan sí èkejì. Gbé omi sún mọ́ ẹnu rẹ̀. Yọ eégbọn kúrò ní etí rẹ̀, lé eṣinṣin kúrò lójú egbò. Má ṣe fún un ní oògùn ara ríro tí ènìyàn ń lò. Ẹ̀yà wọn pọ̀, bíi paracetamol àti ibuprofen, tí ń ba inú ajá jẹ́ tí ó sì lè pa á. Béèrè lọ́wọ́ dókítà ẹran pẹ̀lú bóyá àìsàn náà kò gbóògùn lóòótọ́, nítorí pé kókó kan wà tí ń yọ ní ojú ara ajá, tí ó máa ń ṣẹ̀jẹ̀ tí ó sì ń ba ènìyàn lẹ́rù, ṣùgbọ́n tí abẹ́rẹ́ ọ̀sẹ̀ díẹ̀ lè wò sàn pátápátá. Ajá púpọ̀ ni a ti pa nítorí ohun tí kì bá ti pa wọ́n.

Àìsàn kan ṣoṣo ni kò sí nínú gbogbo èyí: dìgbòlugi. Bí ajá bá yí ìwà padà lójijì, tí ó ń bu ohun gbogbo jẹ, tí itọ́ ń dà lẹ́nu rẹ̀ tí kò sì lè gbé nǹkan mì, má ṣe sún mọ́ ọn láti tọ́jú rẹ̀. Ké sí àgbà, kí àgbà ké sí dókítà ẹran. Ẹni tí ó bá bù jẹ, kí ó fi ọṣẹ àti omi fọ ojú egbò náà fún ìṣẹ́jú 15, kí ó sì lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an fún abẹ́rẹ́ àjẹsára. Nǹkan bí 59,000 ènìyàn ni àrùn yìí ń pa lọ́dọọdún ní àgbáyé, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé ajá ni ó ń kó o ran gbogbo wọn.

Bí ọjọ́ náà bá dé, tí gbogbo ilé sì ti fohùn ṣọ̀kan, ohun tí dókítà yóò ṣe kò gùn. Yóò kọ́kọ́ fún ajá ní abẹ́rẹ́ tí yóò mú kí ara rẹ̀ rọ̀ kí ó sì tòògbé. Lẹ́yìn náà ni yóò fi òmíràn sínú iṣan ẹ̀jẹ̀, pentobarbital ni a sábà máa ń lò. Ọpọlọ ni yóò kọ́kọ́ sùn, kò sì ní mọ nǹkan kan mọ́. Lẹ́yìn èyí ni mímí yóò dúró, àti ọkàn, láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Ojú rẹ̀ lè má padé. Ó lè mí kanlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì lẹ́yìn tí ó ti kú. Kì í ṣe ìrora, iṣan ara ni. Mo sọ èyí kí ó má ba à já ọ láyà bí o bá wà níbẹ̀, ó sì dára kí ẹni tí ajá náà mọ̀ jù wà níbẹ̀, kí ó fi ọwọ́ lé e lórí. Tú ẹ̀wọ̀n ọrùn rẹ̀ kí dókítà tó dé.

Má ṣe jẹ́ kí a gbé òkú rẹ̀ jù sí gọ́tà tàbí sí orí ààtàn. Oògùn tí ó pa á ṣì wà nínú ẹran ara rẹ̀, ajá tàbí igún tí ó bá jẹ nínú rẹ̀ lè kú pẹ̀lú. Bí àgbàlá yín bá ní ilẹ̀ tí a kò fi sìmẹ́ǹtì bò, gbẹ́ kòtò tí ó jìn tó mítà kan. Bí kò bá ní, bẹ dókítà kí ó bá yín ṣètò rẹ̀. Sọ òtítọ́ fún àbúrò rẹ tí ó bá béèrè, má ṣe sọ pé ó sá lọ, nítorí pé yóò máa dúró sí ẹnu géètì. Bí ó bá sì jẹ́ distemper tàbí parvo ni ó pa á, fi omi bílíìsì fọ àwo oúnjẹ rẹ̀ àti ilẹ̀ ibi tí ó sùn. Kòkòrò parvo lè wà nínú ilẹ̀ fún ọ̀pọ̀ oṣù, ọmọ ajá tí a kò tí ì gún ní abẹ́rẹ́ àjẹsára pé kò gbọdọ̀ tẹ ibẹ̀.